Irin Tó Ká Èékánná Ìyá Àgbà

Ṣílè mẹ́ta ààbọ̀ ni mo ra àkùkọ náà lọ́jà Ṣàgámù, obìnrin tó tà á fún mi sì búra pé òun kò jèrè kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Mo gbọ́ ìbúra náà, mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti búra bẹ́ẹ̀ lórí obì lọ́pọ̀ ìgbà, mo ṣì wà láyé. Àkùkọ pupa ni, ó ga, ó yọ àyà síta bí ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ. Kérésìmesì ni mo rà á dè. Mo kọ́kọ́ so ó mọ́ ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé wa, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó obì fún mi. Nígbà tó mọlé tán, mo tú u sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín wa bí ẹni pé òun ló ni òwò, pé àwa la wá ṣiṣẹ́ fún un.

Ẹ má bi mí pé kí ni àkùkọ fi kan obì. Ó ń bọ̀ wá kàn án.

Òwò gbànja ni mo ń ṣe nígbà náà. Ó ku bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí Nàìjíríà gba òmìnira, obì sì lówó lórí. Mo ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Òde Rẹ́mọ àti àwọn ará Ìlíṣàn, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó bó awọ funfun tó wà lára rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣà á, a ó wá fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, a ó kó o sí i. Ìwé kékeré ni mo kà. Kíláàsì kejì ni mo dé tí bàbá mi fi ní ọmọbìnrin tó ti mọ bí a ṣe ń ka owó, kí ló tún kù tó fẹ́ kà? Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún mi nípa obì.

Ohun tí ẹni tí kò bó obì rí kò mọ̀ ni pé ara obì kò gba èékánná. Ẹ lè gbé e ju sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ lè da omi lé e, kò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ fi èékánná kan ṣoṣo ha á lára, ẹ ti pa á. Ẹ kò ní rí i lọ́jọ́ náà. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ojú èékánná náà á dúdú bí ìlà tí ọmọ iléèwé fa. Kó tó dé Kánò, á ti jẹrà, á sì ti kó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bó obì gbọ́dọ̀ gé èékánná rẹ̀ kúrú bí ti ọmọ tí màmá rẹ̀ bẹ̀rù pé yóò ha ojú ara rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ èyí. Mímọ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣe.

Oníbàárà mi kan ṣoṣo ni Àlájì, Hausa kan tó ní ṣẹ́ẹ̀dì ńlá ní Sábó. Òun ló ń kó obì mi lọ sókè ọya nínú lọ́rì rẹ̀. Ó máa ń sanwó lójú ẹsẹ̀, kì í parọ́, kì í sì í gbàgbé nǹkan. Ìwà ìkẹyìn yìí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan, mo gbé obì lọ bá a, mo bá a tó jókòó lórí awọ àgùntàn rẹ̀. Ó ti da apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ mi ni, èyí tí mo ti kó wá tẹ́lẹ̀ tí kò tíì lọ. Ó mú obì kan, ó yí i sọ́dọ̀ mi. Ìlà dúdú kan wà lójú ibi tí awẹ́ méjì ti pàdé. Ó mú òmíràn, ìlà wà níbẹ̀. Ó mú òmíràn.

Ó ní, “Ìyá olóbì, ṣé adìẹ lẹ fi ń bó obì yín ni?”

Gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín. Àwọn alábàárù tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Adìẹ kọ́ o, Àlájì. Ènìyàn ni. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ lọ wo ọwọ́ wọn dáadáa, ìyá. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni.” Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀rín sílẹ̀. “Lọ́rì mi máa kẹ́rù lẹ́yìn ọjà tó ń bọ̀. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin wá fún mi. Bí mo bá tún rí ìlà yìí, mi ò ní bá yín jà, ẹ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Màá kàn máa ra ti ìyá Ibido ni.”

Ìyá Ibido tí ó ń wí yìí, tí a fi àdúgbò rẹ̀ pè, wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí ní igun kan, ó ń jẹ gúgúrú. Olóbì bíi tèmi ni. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá.” Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣòwò rí mọ irú “ẹ pẹ̀lẹ́” bẹ́ẹ̀. Ó dunni ju èébú lọ, ẹ kò sì lè dá a padà.

Bí Àlájì bá fi mí sílẹ̀, ọjà obì ti parí fún mi nìyẹn. Ẹnu kan náà ni gbogbo àwọn tó ń ra obì ní Sábó fi ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀kan bá kọ̀ láàárọ̀, gbogbo wọn á ti kọ̀ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Mo délé, mi ò jókòó, mi ò bu omi mu. Mo ní, “Gbogbo yín, ẹ nọ ọwọ́ yín síta.”

Àwọn obìnrin nọ ọwọ́. Ojú mi kò lọ síbòmíràn ju ọwọ́ ìyàwó tuntun ilé wa, tí àbúrò ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Èkó. Ìyàwó yìí ti fi ọ̀dà pupa kun èékánná rẹ̀, ó gùn, ó ń dán. Mo ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ fún èékánná wọ̀nyẹn.

“Ìwọ ni! Ìwọ tí o ń ṣe bí ológbò! O fẹ́ fi ọ̀dà rẹ ba òwò mi jẹ́?”

Ìyàwó náà kúnlẹ̀ pẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kúnlẹ̀. Ó ní, “Ìyálé mi, ẹ máà bínú. Ẹ wo obì tèmi nínú abọ́ yìí. Bí mo bá fi èékánná bó o, ṣé ọ̀dà ò ní ṣí kúrò lára rẹ̀ ni? Ọ̀dà yìí wọ́n. Orí ìka ni mò ń fi bó o.”

Mo wo abọ́ rẹ̀. Kò sí ìlà kankan. Mo fẹ́ kí ìlà wà níbẹ̀, ká sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sí.

Mo wá wo abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti Ìyá Àgbà. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni Ìyá Àgbà, òun ló sì dàgbà jù nínú gbogbo ilé. Kí àwọn yòókù tó bó ẹyọ obì kan, ó ti bó mẹ́ta. Mo mú obì kan nínú abọ́ rẹ̀, mo gbé e sójú oòrùn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú ibi tí awẹ́ ti pàdé. Mo mú òmíràn. Mo wá wo àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín? Ẹ ti rí ìwo àgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù? Bẹ́ẹ̀ ni èékánná náà rí. Ó nípọn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì tẹ̀ kọ́rọ́ níwájú. Ẹnu rẹ̀ ló ń kì bọ ojú awẹ́ obì tó fi ń ṣí awọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fàà, bí ẹni bọ́ ẹ̀wù ọmọ.

Ta ló máa sọ ọ́? Àwọn obìnrin ń wo ilẹ̀. Àkùkọ nìkan ló ń wò mí lójú.

Mo kúnlẹ̀. “Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, àtàǹpàkò yín yìí...”

“Kí ló ṣe é?”

“Ó gùn díẹ̀, mà.”

Ó gbé àtàǹpàkò náà sókè, ó wò ó, ó wò mí. “Àtàǹpàkò yìí ló bó obì tí a gbé lọ sílé bàbá rẹ nígbà tí a ń bọ̀ wá fẹ́ ọ. Kò gùn lọ́jọ́ náà?”

Àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Àlájì fún un, láti orí adìẹ títí dé orí “ẹ pẹ̀lẹ́” ìyá Ibido. Ibi tí mo ti dárúkọ Ibido ni Ìyá Àgbà ti dáwọ́ dúró.

Ó ní, “Obìnrin yẹn ló máa gba uṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ?” Rẹ́mọ ìjìnlẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń sọ, uṣẹ́ ló ń pe iṣẹ́, ulé ló sì ń pe ilé títí ó fi kú. “Ó dáa. Wá irin tó máa ká a, kí o gé e. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ọ, irin ò tíì ká a.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo rán ọmọ lọ ra abẹ fẹ́lẹ́ ní ìsọ̀ iwájú ilé, kọ́bọ̀ kan. A ti ń fi abẹ gé èékánná láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Mo fi abẹ lé èékánná Ìyá Àgbà, mo fà á. Abẹ náà ké pẹ́ẹ́, ó sì dá sí méjì. Èékánná wà bó ṣe wà. Ó kù díẹ̀ kí ìka tèmi lọ. Ìyá Àgbà kàn mú obì mìíràn, ó ń bó o lọ.

Mo tọ télọ̀ àdúgbò wa lọ pé kó yá mi ní sísọ́ọ̀sì. Ó ní ta ni mo fẹ́ bá gé kí ni. Mo sọ fún un. Ọkùnrin náà ti sísọ́ọ̀sì sábẹ́ itan rẹ̀, ó jókòó lé e. Ó ní, “Ìyá, sísọ́ọ̀sì tó bá gé èyí kò tún ní gé aṣọ mọ́. Ẹ lọ bá àwọn agégẹdú.”

Lọ́jà, mo pàdé oníwọ̀sìwọ́sì kan, ọmọkùnrin tó gbé àpótí dígí kọ́rùn, tó ń ta jígí, ìlẹ̀kẹ̀, òòyà àti pín-ìnnì. Ó ní irin kékeré kan tó ń dán yinrin, tó ní apá tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é, èékánná nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ láyé.

“Màmá, ọmọ-ọmọ yín ló máa jogún ẹ̀. Ṣílè mẹ́ta.”

“Ṣé kí ọmọ-ọmọ mi wá san owó ẹ̀ nígbà náà?”

Mo mọ bí a ṣe ń rajà. Mo gbé irin náà sí etí, mo gbọ̀n ọ́n. Mo fi eyín tẹ̀ ẹ́. Mo jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi sórí òkúta bí ẹni pé mi ò mọ̀, mo sì mú un, mo wò ó bóyá ó ṣẹ́. Ọmọkùnrin náà ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín lẹ́nu rẹ̀. Mo gbà á ní ṣílè méjì, mo sì ń yọ̀ lọ sílé. Ẹ wò mí: mo dán an wò lára òkúta, lára eyín, ṣùgbọ́n mi ò rántí dán an wò lára èékánná.

Ká má parọ́, lára ìyàwó Èkó, irin náà ṣiṣẹ́. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó dùn létí. Àwọn yòókù náà nọ ọwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àléébù rẹ̀: bó bá gé èékánná, kì í jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ńṣe ló ń ta á dànù bí ẹni ta ọfà. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń gé èékánná tó ń fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Èékánná rẹ, ara rẹ ni. O ó ṣà á fúnra rẹ, o ó mọ ibi tí o sọ ọ́ sí, torí o kò mọ ẹni tó ń wò ọ́, tó fẹ́ fi ṣe oògùn. Bí irin bá ti ké kẹ́, ẹni tó ni èékánná á dìde, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wá a láàárín èèpo obì. Obìnrin mẹ́fà ló wà lórí eékún ní ẹ̀yìnkùlé mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí obì ń bẹ nínú omi tí kò sẹ́ni tó yà sí i. Ẹni tó bá yọjú á rò pé à ń gbàdúrà ni.

Ó wá kan Ìyá Àgbà. Mo fi irin há èékánná, mo tẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ìyàwó wá bá mi tẹ̀ ẹ́. Àwa méjèèjì mí èémí kan, a sì tẹ̀ ẹ́ papọ̀. Ohun kan ké kà! Apá irin òyìnbó tẹ̀ bí ṣíbí tí wọ́n fi họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìdajì èékánná Ìyá Àgbà fò sókè, ó yí lẹ́ẹ̀mejì nínú oòrùn, ó sì balẹ̀ síwájú àkùkọ.

Àkùkọ wò ó. Ó gbà pé àgbàdo ni. Ó gbé e mì.

Mo fò mọ́ àkùkọ, mo la ẹnu rẹ̀. Ó ti kọjá ọ̀fun.

Ìyá Àgbà dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. Ó ní, “Ara mi ti wà nínú adìẹ yẹn. Kò sẹ́ni tó máa pa á. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ nínú ulé yìí, tàbí ní Ṣàgámù yìí. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, èmi ló jẹ.” Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó Èkó ní, “Ìyálé mi, bí a bá ní sùúrù, ṣebí ó máa jáde?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àkùkọ. Bó bá yà sí apá ọ̀tún, a ó yà. Bó bá dúró, a ó dúró, ìyàwó á na igbá síwájú. Èmi tí mo ń ṣòwò gbànja, tí Àlájì ń dìde kí, mo wá di ẹni tó ń ṣọ́ ìdí adìẹ. Ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó wò wá, ó bi wá pé kí la ń ṣe. A sọ fún un. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, “Kí la wá máa jẹ ní Kérésìmesì?” Ọkùnrin kì í fi ọ̀rọ̀ gidi sílẹ̀.

Èékánná kò jáde. Bó bá jáde, a kò dá a mọ̀.

Ẹ wá wo ibi tí mo wà. Ẹni tó mọ obì bó jù ti ti ara rẹ̀ mọ́lé. Èékánná tí mo ní mo fẹ́ gé kù ní ìdajì, ẹnu rẹ̀ sì ti rí wọ́kuwọ̀ku bí ayùn, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Obì wà nínú omi, bó bá pẹ́ jù níbẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Lọ́rì Àlájì kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo mú irin tó tẹ̀ yẹn, mo gba àdúgbò Mákun lọ, sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń rọ àdá fún àwọn àgbẹ̀.

Mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó fi ẹ̀mú gbé e bí ẹni gbé òkú eku. “Kí lèyí ń ṣe kó tó kú?”

“Èékánná ló ń gé.”

“Èékánná ta ni? Ti erin?”

“Ti ìyá ọkọ mi.”

Ó pa ẹ̀rín mọ́ lójú ẹsẹ̀. “Ah. Ẹ jókòó, ìyá.” Ó jọ pé òun náà ní ìyá ìyàwó.

Ó kó irin méjì sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan jẹ́ sípíríǹgì lọ́rì, èkejì jẹ́ ògbólógbòó fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, tó ti gbó tí kò lè pọ́n nǹkan kan mọ́. Ó lu sípíríǹgì, ó dún bò. Ó lu fáìlì, ó dún goo. Ó ní sípíríǹgì kì í ṣẹ́ ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á máa kú, ẹ ó máa pọ́n ọn lójoojúmọ́. Fáìlì kì í kú lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kó bọ́ sórí òkúta, ó lè dá.

Lọ́jà, mo ti ju tòyìnbó sórí òkúta. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi ara mi pé ta ló ń gé èékánná lórí òkúta? “Ẹ fi fáìlì rọ ọ̀bẹ kékeré fún mi. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kó gba àtẹ́lẹwọ́. Ìdí rẹ̀ ńkọ́, kí lẹ máa ṣe síbẹ̀?”

“Màá ki igi bọ̀ ọ́.”

“Ẹ má ki igi bọ̀ ọ́. Ẹ lù ú kó pẹlẹbẹ, kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó rí bí ahọ́n ewúrẹ́. Kò gbọdọ̀ mú. Ẹ dán an kó má ha nǹkan kan.”

Ó bi mí pé kí ni ahọ́n ewúrẹ́ wà fún. Mo ní bí mo bá gba àtàǹpàkò lọ́wọ́ àgbàlagbà, kò yẹ kí n dá a padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ó fẹ́ná, ó lù ú, ó tì í bọ omi, omi hó ṣàà. Nígbà tó pọ́n ọn tán, ó fi èékánná àtàǹpàkò tirẹ̀ dán an wò níwájú mi, èékánná alágbẹ̀dẹ tó dúdú bí èédú. Irin náà gé e bí ẹni gé ọṣẹ. Ṣílè kan ló gbà. Ó tún fi òòlù na apá irin òyìnbó náà tọ́ láìgba kọ́bọ̀. Mo fún ìyàwó Èkó, ó kà á sí ẹ̀bẹ̀ fún ológbò tí mo pè é. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo kan ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà. “Ìyá, irin ti dé. Ó ní ẹ̀bùn nídìí.”

Ó pẹ́ kó tó ṣí i. Ó gba irin lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú àti lẹ́yìn, ó fi ahọ́n ewúrẹ́ rẹ̀ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Kí lèyí?”

“Àtàǹpàkò yín ni. Ti irin.”

Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì fi òfin lélẹ̀. Kí wọ́n so àkùkọ. Kí gbogbo obìnrin sún sẹ́yìn. Kí wọ́n bu omi gbígbóná fún òun láti ki ọwọ́ bọ̀. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí itan, ó gbé ọwọ́ lé e, ó dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ nílà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí, díẹ̀díẹ̀. Irin náà wọ inú èékánná láìké. Kò ta nǹkan kan dànù, ohun tó bá gé á wó sórí ìborùn jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo parí, Ìyá Àgbà ṣa gbogbo rẹ̀, ó dì í sí etí ìró, ó ta á ní kókó. Kò sí ẹni tó bi í pé ibo ló ń gbé e lọ.

Ó wá mú obì kan nínú omi. Ó ti ahọ́n ewúrẹ́ bọ ojú awẹ́, ó yí ọwọ́. Awọ ṣí, fàà. Ó gbé obì náà sójú oòrùn bí mo ti ṣe, ó yí i po. Ara rẹ̀ mọ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ìkókó.

Ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n.” Ó mú òmíràn. Ó tó bí ogún obì tó ti bó kó tó tún sọ̀rọ̀. “Ẹyọ kan ṣoṣo lo ní kó rọ?”

Ọ̀rọ̀ ìyìn tí mo gbà nìyẹn, mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọjọ́ tí lọ́rì ń kẹ́rù, mo gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin lọ sí Sábó. Ìyá Ibido ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó gbé gúgúrú tirẹ̀ dání, ó wá wo ìran. Àlájì da apẹ̀rẹ̀ kìn-ín-ní. Ó ṣa obì láti ìsàlẹ̀, torí kì í ṣe ọmọdé, ó mọ̀ pé orí ni oníjìbìtì ń kó èyí tó dáa sí. Ó yí wọn wò, ó ní kí wọ́n da ìkejì. Ó wo ìkẹta. Èmi náà ń ka ìdí igi tó di òrùlé ṣẹ́ẹ̀dì mú, kí ojú mi má bàa sọ ọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ìkẹrin, kò wulẹ̀ dà á. Ó kàn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú ọ̀kan, ó là á, ó ju awẹ́ kan sẹ́nu, ó sì na èkejì sí mi.

“Ìyá olóbì, ẹ ti lé adìẹ yẹn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.”

“Kò tíì lọ o, Àlájì. Ó wà nílé, ó ń jẹun mi.”

“Ẹ tà á fún mi. Lọ́rì mi á gbé e lọ sílé mi ní Kánò. Mi ò fẹ́ kó tún padà sídìí obì mi.”

Gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí èmi náà bá wọn rín in. Mo wo ìyá Ibido, mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá.” Gúgúrú há a lọ́fun.

Ṣùgbọ́n n kò dá àkùkọ tà. Mo sáré lọ sílé, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, mo sọ pé Àlájì fẹ́ gbé adìẹ yẹn lọ sí Kánò.

Ó ronú. “Ó jìnnà tó Ìbàdàn?”

“Ìbàdàn kò tó ìdajì ìdajì ọ̀nà rẹ̀, Ìyá.”

“Ẹnì kan mọ̀ mí níbẹ̀?”

“Kò sí.”

“Kò sí ẹni tó mọ orúkọ ìyá mi?”

“Ìyá, wọn kò mọ Ṣàgámù pàápàá, àfi obì rẹ̀.”

Ó mú obì mìíràn, ó ti ahọ́n ewúrẹ́ bọ̀ ọ́. “Kó máa lọ. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún, èékánná lásán ni wọ́n jẹ.”

Mo di ẹsẹ̀ àkùkọ, mo gbé e lọ. Ó ń wo ojú ọ̀nà bí ọ̀gá tí wọ́n gbé níṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn. Ìrẹsì àti pánlá la jẹ ní Kérésìmesì, ọkọ mi sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Irin alágbẹ̀dẹ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí Ìyá Àgbà fẹ́ lọ, èmi ló ní kí wọ́n fún. Pípọ́n ti jẹ ẹ́ kù bí ìka ọmọdé, n kò tíì jẹ́ kó kan òkúta rí, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo sì ń fi gé èékánná mi lórí ìborùn.

Àlájì ná àkùkọ náà títí, mo sì búra fún un pé n kò jèrè kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣílè mẹ́rin ló gbé e. Mo yọ ṣílè mẹ́ta ààbọ̀ tí mo rà á, ó ku ìdajì ṣílè, kọ́bọ̀ mẹ́fà; mo yọ kọ́bọ̀ kan owó àgbàdo tó jẹ, ó ku kọ́bọ̀ márùn-ún.